Iná Lọ́wọ́ Òsì, Àtíkè Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Èmi fúnra mi ni mo ní kí ọwọ́ mi dájọ́ náà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì níwájú Cúc, mo ní, "Àbúrò mi, fi kútẹ́ẹ̀sì iná sí ọ̀kan, kó o fi kútẹ́ẹ̀sì àtíkè sí èkejì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó bá ṣì dúró, òun la ó máa lò ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá ṣí, kó gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ." Ẹ̀rín ni mò ń rín nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìdíje láti kékeré. Bí ẹ bá ní kí n bá adìyẹ sáré lónìí, màá ká ṣòkòtò sókè ni.

Cúc wo ọwọ́ mi títí. Kò wo ojú mi. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní ìlú Biloxi létí òkun, lójú ọ̀nà tó lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já edé, láàárín ọkùnrin tó ń ta táyà àti obìnrin tó ń dín dónọ́ọ̀tì. Àga iṣẹ́ méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti Cúc, ọ̀kan tèmi. Àwa méjèèjì la jọ ṣí i, lọ́dún kejì ìjì ńlá tó gbá ilé tèmi àti ilé tiẹ̀ lọ, tí wọ́n fi kó wa sínú àgọ́ kan náà. Ìkòkò kan la ní níbẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan. Nínú àgọ́ yẹn ni mo ti kọ́ ọ níṣẹ́ èékánná, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Tư. Nhàn lorúkọ mi gan-an. Tư ni wọ́n ń pè mí nílé bàbá mi, ìyẹn ni pé Ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ọmọ kẹta ni mí. Ní ilẹ̀ tí èmi àti Cúc ti wá, Ìkejì ni à ń pe àkọ́bí, a kì í pe ọmọ kankan ní Ìkíní, kí ohun burúkú má baà mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé.

Láti inú àgọ́ wá títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọdún méjìdínlógún, Cúc kò fọwọ́ kan igi ìjẹun, igi méjì tí à ń lò bíi ṣíbí, rí lójú mi kó má kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n Tư, ẹ wá jẹun." Bí ọmọ ilé rere ṣe ń ṣe nìyẹn láàárín wa, àbúrò kì í jẹun kó má pe ẹ̀gbọ́n. Ìwé ṣọ́ọ̀bù wà lórúkọ rẹ̀, nítorí èmi àti ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Mo ní àbúrò.

Ayé mi dùn níbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé tẹ́tẹ́ ni oníbàárà wa, àwọn tó ń pín káàdì, àwọn tó ń gbé ọtí. Ọwọ́ wọn ni gbogbo ayé ń wò. Bí wọ́n bá ti jókòó sídìí àga mi, orin ni mo fi ń kí wọn. Wọn ò gbọ́ èdè tí mo fi ń kọ ọ́, síbẹ̀ wọn a máa mi orí:

Ọwọ́ ni mò ń tọ́jú o,
Ọwọ́ náà ló ń bọ́ mi.
Ọwọ́ tó tẹ́ ẹ̀wù, ọwọ́ tó fọ̀kòkò,
Ẹ gbé e wá, kó wá dán!

Cúc á sì gbè é láti ìdí àga tiẹ̀: "Kó wá dán, kó wá dán!"

Kútẹ́ẹ̀sì iná ni gbogbo iṣẹ́ mi. A ó kùn ún bí ọ̀dà, oníbàárà á ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná kékeré, á sì le koránkorán. Kútẹ́ẹ̀sì àtíkè ò fẹ́ iná. Gọ́ọ̀mù la ó kọ́kọ́ fi sí èékánná, a ó rì í sínú àtíkè aláwọ̀, a ó gbọ̀n ọ́n dànù, a ó tún fi gọ́ọ̀mù lé e. Ó ń pẹ́ lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò lọ́wọ́, àfi kéèyàn fi ẹ̀rọ ha á, eruku á sì sọ bí ìgbà tí wọ́n gbọn àpò ìyẹ̀fun. Eruku yẹn ni ọ̀tá mi. Ogún ọdún ni mo fi ha èékánná oníke nílùú yìí àti níbòmíì, mi ò mọ̀ pé àyà mi ń kó o jọ. Dókítà gbé àwòrán àyà mi sójú iná, ó ní, "Ìyá, bẹ́ ẹ bá tún fa eruku èékánná símú, ẹ̀dọ̀fóró yín á kọ̀ yín sílẹ̀." Cúc ló fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Cúc ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, tó ń sunkún bó ṣe ń túmọ̀.

Nítorí náà gbogbo wa mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí àtíkè bá wọlé, èmi jáde.

Trâm ló mú ọ̀rọ̀ àtíkè dé. Ìyàwó ọmọ Cúc ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Houston pẹ̀lú ọmọ wọn kékeré. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Trâm, ó sì mọ àtíkè bí ẹja ṣe mọ omi. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ni mo fi ibi tí à ń kó tówẹ́ẹ̀lì sí hàn án.

Lọ́sẹ̀ kejì tó dé, Cúc ń nu ìgò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tư, àwọn èèyàn ń béèrè àtíkè o."

"Àwọn wo?"

"Àwọn èèyàn."

"Àwọn èèyàn yẹn ò lórúkọ? Ṣé Darlene ló béèrè?"

"Darlene! Kí ni Darlene mọ̀ nínú ohun tó ń jáde?"

"Darlene tó ń pín káàdì fún àwọn olówó láti àárọ̀ dalẹ́, tí káàdì kan ò já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí? Òun lo ní kò mọ nǹkan?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì iná ti ń ṣí lọ́wọ́ àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní ọkùnrin tó ń kó ọjà wá fún wa ti sọ pé irú kan ṣoṣo ni kí ṣọ́ọ̀bù kékeré mú, kó má di pé ìgò ń lé èèyàn jáde. Òótọ́ ni pé pákó ọjà kan ṣoṣo ló wà lára ògiri wa, ó sì ti kún. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Kútẹ́ẹ̀sì iná tí mo mọ̀ kì í dójú tini. Bí wọ́n bá kùn ún dáadáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi na ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀, tí mo ní kí wọ́n dájọ́. Mo mọ̀ pé màá wọlé.

Ọjọ́ Ajé, tí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, ni Cúc ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣe, ó fi àtíkè sí i. Ó ti awọ ìdí èékánná sẹ́yìn, ó ha ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Omi tó fi nù ún tutù wọ̀ mí légungun. Trâm ló gbá ìgò àtíkè mú fún un, ó kàn ń wo ilẹ̀. Pupa ni. Ó dán, ó gún régé, mo ní, "Ẹ ẹ̀ ríṣẹ́!"

Ó kan ọwọ́ òsì. Cúc gbé e sínú ọwọ́ tiẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín mà gbẹ o. Ẹ̀ ń tọ́jú ọwọ́ gbogbo ayé, ẹ gbàgbé tiyín."

Ó bu òróró àgbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ. Ìka kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìdí èékánná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Ọkọ mi ti lọ láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń dì mú láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń di tèmi mú. Mo pa ojú dé. Orin bọ́ sí mi lẹ́nu fúnra rẹ̀:

Ẹ̀yin ìka mi márùn-ún,
Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, àlejò dé.
Aṣọ pupa ló mú wá fún yín,
Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má bọ́ ọ o.

Cúc gbè é. Ó dùn ún gbè, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tí mo la ojú, ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ iná.

Lọ́jọ́ kejì, Darlene wá, ó rí pupa náà, ó ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀. Mo mú ìgò kan náà tí Cúc lò fún ọwọ́ òsì mi, mo kùn ún fún un.

Mo fi òdodo lo ọwọ́ méjèèjì. Mo bó edé, mo fọ abọ́, mo gbin ewébẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Bí mo bá fi ọ̀tún ha ìkòkò, màá ní kí òsì náà wá ha tiẹ̀, kí wọ́n má sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, kútẹ́ẹ̀sì ìdí àtàǹpàkò òsì gbé sókè bíńtín. Mo ní, "Ìwọ, kí lò ń wá? Padà síbẹ̀ kíá!" Kò padà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìka mìíràn tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọwọ́ náà jà. Màá wà nínú ilé ìdáná, màá máa pariwo, "Ìwọ ọwọ́ òsì, ṣé o ti gba rìbá ni?" Ọmọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun rò pé mo ní àlejò.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a jókòó yí tábìlì ká, Cúc, Trâm àti èmi. Ọwọ́ ọ̀tún ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọwọ́ òsì, mẹ́rin ti ṣí, ọ̀kan ti bọ́ lọ pátápátá, mi ò tilẹ̀ mọ inú ọbẹ̀ tó wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́.

"Ó tán," mo ní. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, Trâm á jókòó sórí àga mi."

Cúc bú sẹ́kún. Ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ọmọdé. Èmi ni mo ń sọ pé, "Má sunkún mọ́, àbúrò mi, kò kúkú sẹ́ni tó kú. Èmi á máa wá jẹun." Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni ojú ń tì mí fún jù. Mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún!

Ọjọ́ Ẹtì, Darlene wá bó kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé mò ń lọ. Ó jókòó, ó na ọwọ́ sí mi, mo sì tẹjú mọ́ ọn. Ìdí èékánná rẹ̀ ti dàgbà sókè, bó ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n ìkankan ò ṣí. Àní ìkankan! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta, káàdì àti ọtí àti ọmọ mẹ́ta nílé.

Ó gbá ọwọ́ òsì mi mú, ó fà á sí ojú fèrèsé. "Mísì Nhàn, kí lẹ ṣe fún tiyín? Ó dà bíi pé ajá ló jẹ ẹ́."

"Edé ni, ọmọ mi. Àti ọjọ́ orí."

"Edé kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìgò kan náà ni?"

"Ìgò kan náà."

"Iná kan náà?"

"Iná kan náà."

"Ó dáa, ta ló ṣe é fún yín?"

Mo fa ọwọ́ mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gbé e lọ́wọ́ kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí i! Kútẹ́ẹ̀sì tí iṣẹ́ ilé bá bà jẹ́, láti ṣóńṣó èékánná ló ti ń ṣí, níbi tó ti ń forí gbá ìkòkò. Tèmi ò ṣí láti ṣóńṣó. Láti ìdí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, gbogbo wọn lójú kan náà. Mo fi èékánná ọ̀tún gbé ti àtàǹpàkò òsì sókè, mo wo abẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn. Èékánná tí a bá ti ha kí a tó kùn ún kì í dán, ó máa ń ṣú bíi ṣọ́ọ̀kì. Abẹ́ tèmi ń dán bíi dígí. Kò sí ohun tó kàn án. Kò sí ayùn, kò sí omi ìnù.

Òróró nìkan ló kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ẹ ti ń pariwo mọ́ mi lórí. Òróró, ìgbẹ̀yìn là ń fi sí i, nígbà tí iná bá ti pa kútẹ́ẹ̀sì gbẹ tán, kí awọ lè rọ̀. Ẹni tó bá fi òróró ṣáájú kútẹ́ẹ̀sì, ó ti tẹ́ ẹní ìrìn àjò fún un ni. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní ni. Inú àgọ́ ni mo ti kọ́ Cúc lẹ́kọ̀ọ́ náà, tí mo na ìka sí i pé, "Òróró kẹ́yìn, Cúc, òróró kẹ́yìn!"

Mo ṣe ọwọ́ Darlene tán. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ó di ọ̀sán. Trâm ti gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja kíkan sí yàrá ẹ̀yìn, ọbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù, wọ́n sè é nítorí pé mò ń lọ. Cúc jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tư, ẹ wá jẹun."

Mi ò jókòó. Mo gbé ọwọ́ òsì mi sórí tábìlì láàárín àwọn abọ́.

"Cúc, kí lo fi pa ọwọ́ yìí kó o tó kùn ún?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ yẹn."

"Òróró ni. Ọwọ́ yín gbẹ."

"Ọ̀tún náà gbẹ. Kí ló dé tí ọ̀tún ò rí òróró jẹ?"

Ó mú igi ìjẹun, ó gbé e sílẹ̀. "Bóyá mo gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ọbẹ̀ ń tutù."

"O nu ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Òsì, o ò nù ún rárá. Ìyẹn náà, o gbàgbé ni?"

Trâm ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn. "Màámi, mo ti ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́."

"Ìwọ, panu mọ́!" Cúc jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, ó kọjú sí mi. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ọmọ mi ní bí ìyàwó òun ò bá rí àga jókòó níbí, àwọn ń padà sí Houston. Wọ́n á gbé ọmọ lọ. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní! Àga méjì ló wà. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tiyín. Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dìde? Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wo ló ń lé ẹ̀gbọ́n? Mo ní kí èékánná bá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì mú un wá, mi ò bẹ̀ yín!"

"Òótọ́ ni, o ò bẹ̀ mí."

"Inú yín dùn sí i. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín lọ, kò burú, kò sẹ́ni tó máa sunkún."

"Ká ní o sọ fún mi, Cúc. Ká ní o kàn sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi fẹ́ lọ.' Àbí o ò mọ̀ mí ni? Ǹ bá ti fi ọwọ́ ara mi nu àga náà fún Trâm. Ṣùgbọ́n mo pa ojú dé fún ẹ. Mo ń kọrin, ìwọ sì ń gbè é. Ò ń fi òróró pa mí kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ò ń gbè é!"

Cúc to igi ìjẹun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Mo ní, "Wàyí o, sọ ọ́ fúnra ẹ. Èékánná ò lẹ́nu. Ìwọ lo lẹ́nu. Títí dìgbà tó o máa sọ ọ́, mo wà lórí àga mi."

Mo jáde lọ sí iwájú, mo jókòó.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nínú wa, ẹni tó kéré lè jalè, ó lè purọ́, ṣùgbọ́n kó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní kó máa lọ, ahọ́n á wúwo bí òkúta. Mo di ìyẹn mú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó yẹ kí n lọ, mo wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún wá. Mo mú àwọn oníbàárà mi, mo kùn wọ́n, mo kọrin kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó gbè é. Trâm dúró lẹ́bàá ògiri bí ìgbálẹ̀. Nígbà kan ó gbé tíì wá fún mi, ó ní, "Ìyá Tư, ẹ má bínú sí mi."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ nìkan lo lẹ́nu nínú ilé yìí," mo ní. "Tíì ẹ mà dùn."

Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án, Cúc ń yọjú láti yàrá ẹ̀yìn, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n Tư, ẹ wá jẹun." Kò lè ṣe kó má sọ ọ́. Èmi á mú búrẹ́dì mi jáde nínú àpò, màá jẹ ẹ́ níbi tí mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ń gbádùn ara mi díẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lára. Mo ní lọ́kàn mi, á rẹ̀ ẹ́. Á wá kúnlẹ̀, á ní, ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀ yín. Èmi náà á sì dìde, màá fún Trâm ní àga, a ó jọ lọ jẹ ọbẹ̀ ẹja. Mo ti múra ìdáríjì sílẹ̀ bí aṣọ ọdún.

Ọjọ́rú, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Oníbàárà méjì wà nílé, ọ̀kan níwájú mi. Cúc dìde lórí àga rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbójú sókè, mo ti ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní.

Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo rò pé ẹlòmíì ló ń pè.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Iṣẹ́ yín ti parí níbí."

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe Tư. Màmá, lásán, bí a ṣe ń pe arúgbó tí a ò mọ̀ rí nínú bọ́ọ̀sì, tí a fẹ́ kó sún fún wa. Ó ti wá ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí kò lè lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó kọ́kọ́ sọ mí di ẹni tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi pa á rẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Mo parí ọwọ́ obìnrin tó wà níwájú mi, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Ìka mẹ́ta ló kù, mo kùn wọ́n, mo fi iná sí wọn, mo fi òróró sí wọn níkẹyìn. Mo yọ wáyà iná kékeré tó ń pa kútẹ́ẹ̀sì gbẹ kúrò lára ògiri. Tèmi ni, èmi ni mo rà á. Mo gbé e mọ́ àyà. Trâm ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ń sunkún. Cúc ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń ha èékánná ẹnì kan. Mi ò ní kó dìde. Kí ni kí n pè é?

Nílé, mo gbé abọ́ omi tó ń bó kútẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì ilé ìdáná, mo fi òwú àti bébà fàdákà di ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo jókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ti ọwọ́ òsì ò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Ó yọ́ kúrò bí awọ ẹja. Ti ọ̀tún ò mira. Mo fún un ní ogún ìṣẹ́jú, mo fún un ní ọgbọ̀n. Ó dúró sójú ara rẹ̀, ó pupa, ó ń dán. Iṣẹ́ àbúrò mi dára, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níbi tó bá ti wù ú kó dúró, ó ń dúró. Kó tó lè kúrò, àfi kí n ha á, bí mo bá sì ha á, eruku rẹ̀ á wọ àyà mi.

Mo fi í sílẹ̀. Ó ń dàgbà jáde pẹ̀lú èékánná. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, kí n tó lọ sí ìsìn, mo máa ń mú àlùmọ́gàjí, màá gé ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀. Àtàǹpàkò ti mọ́. Ìka ìfábẹ̀lá náà ti mọ́. Ìka kékeré nìkan ló ṣì ní pupa lórí, ó kéré bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gé e kúrò.